Omi Epo, Omi Iná

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, kúrán tún lọ ní gbogbo àdúgbò wa ní Ìfọ̀nyìn. Gbogbo ilé dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Rédíò dákẹ́, ẹ̀rọ tí aládùúgbò mi fi ń lọ ata dákẹ́, fáànù tó ń fẹ́ mi lórí ìjókòó mi sì ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ó fi dúró. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo wà tí òórùn ẹyìn gbígbóná fi kàn mí nímú. Àwọn obìnrin kan ń se ẹyìn ní ẹ̀yìn ilé, lójú ọ̀nà Lagbé, èéfín rẹ̀ sì ń gba orí ògiri wọlé tọ̀ mí wá, ó dùn, ó wúwo, bí mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Ọmọ-ọmọ mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi láti Kútọnu pòṣé. Ó ní, "Mémé, kí ló dé tí ìlú yín yìí kì í ní kúrán?"

Mo ní, "Ìlú wa kẹ̀? Ìlú tó ń fi omi odò ara rẹ̀ ṣe kúrán kí wọ́n tó bí ìyá rẹ!"

Ọmọ náà wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní olùkọ́ àwọn ti sọ pé láti òkèèrè ni kúrán ti ń gba orí wáyà wọ ilẹ̀ wa, pé ní Ìfọ̀nyìn, kí la ní ju ọ̀pẹ lọ? Ẹ wò ó, èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọdé ní ilé-ìwé, ọmọdé ló wá ń fi mí rẹ́rìn-ín nínú ilé ara mi! Inú bí mi. Mo ní kó jókòó, mo sì sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo ń kọ síhìn-ín, nítorí òun nìkan kọ́ ni kò mọ̀. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń gun ọ̀kadà zẹ́mì kọjá lórí afárá kékeré yẹn lọ sí Lagbé, tí ẹ ń rí ògiri kan tí igbó ti bò lápá òsì, ẹ ò mọ̀ pé iná Ìfọ̀nyìn ti ń jáde níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó tóbi ju tiwa lọ ṣì ń tan fìtílà.

Odò wa kò tóbi. Kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òkun ni mò ń sọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè là á kọjá kí omi má dé orúnkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà, kí èèyàn tó dé Lagbé, tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lójijì. Ibẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ti fi òkúta àti sìmẹ́ńtì dí odò náà nígbà tí ìyá mi ṣì wà ní ọmọge. Bàrájì ni gbogbo wa ń pè é. Lókè bàrájì, omi tẹ́jú, ó dúró jẹ́ẹ́, òṣíbàtà bo etí rẹ̀, àwọn lékeléke ń rìn yan lórí ẹrẹ̀. Nísàlẹ̀, ilé kékeré kan wà tí wọ́n fi páànù bò, tí fèrèsé rẹ̀ ga ju orí àgbà lọ. Páìpù ńlá kan ń gbé omi láti òkè wọnú ilé náà, omi ń já lu àgbá kẹ̀kẹ́ irin kan, àgbá kẹ̀kẹ́ náà ń yí, òun ló sì ń yí ẹ̀rọ tó ń ṣe kúrán. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ tán nìyẹn. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi tó báyìí o, torí nígbà tí mo kéré, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé inú omi ni iná ti máa ń sùn lọ́sàn-án.

Ilé tí kúrán náà ń dé kò pọ̀. Ó ń dé dispánsẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn, ó ń dé ilé-ìwé, ó ń dé ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ, ó sì ń dé orí òpó kan ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Òpó ẹ̀gbẹ́ ọjà yìí ni ti gbogbo wa. Bàbá Ráímì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ òpó náà, kò sì gbé e kúrò mọ́. Ó sọ ibẹ̀ di pálọ̀ ara rẹ̀. Bí o bá fẹ́ kọjá lábẹ́ iná lálẹ́, o gbọ́dọ̀ dúró kí o kí i, bí o bá gbàgbé, á ní, "Ta ló ń gba inú yàrá mi kọjá láì kan ilẹ̀kùn?" Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá bá a. Àwọn tó wá tọrọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ibẹ̀ náà ló ti gbà wọ́n lálejò, tí àwọn ọmọ kéékèèké ń sáré kiri láàárín àwọn àna.

Ẹni tó ń tọ́jú bàrájì àti ẹ̀rọ náà ni Bàbá Kúrán. Orúkọ tí ìlú sọ ọ́ nìyẹn, mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni pè é ní òmíràn. Ṣábẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wá. Ó ga, ó gbẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń fi àkísà nu ọwọ́ kí ó tó bọ èèyàn lọ́wọ́, ìbáà ṣe pé ọwọ́ náà mọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ kọ́ ilé kan sí ẹ̀bá omi fún ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé. Ọmọ yẹn ni Filomẹ́nì.

Háà, Filomẹ́nì! Kí ó tó dé, mo ní àwọn tí a jọ ń ṣeré. Nígbà tó dé, mo ní ọ̀rẹ́. Kíláàsì kan náà la wà, bẹ́ńṣì kan náà la jókòó sí. Bí ó ṣe ń fọ èdè Ṣábẹ̀ ń pa wá lẹ́rìn-ín, tiwa náà ń pa á lẹ́rìn-ín, kò sì gbà fún wa lọ́jọ́ kan pé tiwa ló tọ̀nà. Ó yájú, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù láyé yìí àfi ọ̀pọ̀lọ́. Ọmọ tó ń gbé etí omi o! Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá fò níwájú rẹ̀, á gùn mí lẹ́yìn, á sì máa pariwo pé kí n sáré.

Wọ́n to ọ̀pá irin sí ẹnu páìpù tó ń gbé omi bí asẹ́, kí ewé àti igi má baà bá omi wọlé lọ ba ẹ̀rọ jẹ́. Iṣẹ́ Filomẹ́nì lẹ́yìn ilé-ìwé ni láti fi igi gígùn kan tó ní eyín bí ìyarun fa ewé kúrò lẹ́nu asẹ́ náà. Kò pẹ́ tó fi di iṣẹ́ èmi náà. A ó dúró lórí sìmẹ́ńtì, a ó máa fa ewé, a ó máa sọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn, títí bàbá rẹ̀ á fi wọlé lọ ṣí omi fún ẹ̀rọ. Nígbà náà la ó sáré lọ gbé etí lé ògiri. Ògiri á kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni ohùn kan á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, á máa ga sí i, á máa ga sí i, títí eyín á fi máa gbọ̀n lẹ́nu wa. Filomẹ́nì á ní, "Ó ti jí." A ó wá sáré gun òkè bàrájì ká lè rí iná ẹ̀gbẹ́ ọjà lọ́ọ̀ọ́kán, bó ṣe ń pọ́n, tó wá ń funfun. Mo ti rí iná púpọ̀ láti ìgbà yẹn, mo ti dé Kútọnu, mo ti dé Èkó. Kò sí èyí tó tún dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti ìyá mi. Ìyá Elépo ni wọ́n ń pè é, òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń ṣe epo létí odò. Nísàlẹ̀ bàrájì ni kòtò epo wọn wà, kòtò gbàràmù tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti se ẹyìn tó rọ̀, wọ́n á dà á sínú kòtò, àwọn obìnrin á wọ inú rẹ̀, wọ́n á di èjìká ara wọn mú, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ẹran rẹ̀ á fi bọ́ lára èkùrọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan omi. Omi ni gbogbo rẹ̀! Omi tútù rẹpẹtẹ ni wọ́n ń dà lé e kí epo lè léfòó bí ìfófó, kí wọ́n fi igbá kó o, kí wọ́n lọ sè é. Bí omi kò bá tó, inú ìhá ni epo máa jókòó sí, kò ní jáde. Ẹyìn tí wọ́n sì ti sè, kì í dúró de ẹnì kankan. Bí ó bá fi di ọjọ́ kejì, ó ti kan nìyẹn, epo rẹ̀ á máa ta èèyàn lọ́fun.

Wọ́n ní nígbà kan, òkè bàrájì ni àwọn kòtò náà wà. Ìhá ń bá omi lọ, ó ń dí asẹ́, ẹ̀rọ ń kú. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin kó lọ sísàlẹ̀. Wọ́n kó lọ sísàlẹ̀, kò tún rọgbọ, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn bàrájì kí omi lè kún fún iná alẹ́, odò ìsàlẹ̀ á gbẹ táútáú. Ìyẹn dá ìjà sílẹ̀, ìjà gidi. Ìgbà tí Bàbá Kúrán dé ìlú ni ìyá mi kó àwọn obìnrin lọ bá a, gbogbo wọn pẹ̀lú epo dé ìgùnpá, wọ́n jókòó síwájú ilé rẹ̀ pé àwọn ò níí dìde. Ọkùnrin náà jáde, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, epo gba gbogbo apá rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àdéhùn. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ epo. Ní ọjọ́ epo, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ilẹ̀kùn bàrájì á wà ní ṣíṣí, omi epo nìyẹn. Láti ọ̀sán lọ, wọ́n á tì í, omi iná nìyẹn. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Ìyá mi kò mọ̀wé, Bàbá Kúrán mọ̀wé, àwọn méjèèjì sì pa á mọ́ bákan náà.

Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe ọ̀yàyà síra wọn o. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, ìyá mi á dúró sínú kòtò, á ké mọ́ ọn, "Bàbá Kúrán, ṣé ẹ ti sùn sórí omi ni?" Òun náà á dáhùn láti òkè, "Mi ò sùn, Ìyá Elépo, ẹ dákẹ́ kí n ráyè!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Lọ́jọ́ kan, Filomẹ́nì ní òun fẹ́ tẹ ẹyìn. Mo kìlọ̀ fún un pé ó ń yọ̀, ó ní kí n yéé ṣe bí ìyá àgbà. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ dáadáa tó fi fìdí jókòó sínú kòtò, epo wọ irun, epo wọ etí. Ìyá rẹ̀ fọ̀ ọ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ọmọ náà sì ń dán gbinrin lọ sí ilé-ìwé títí di ọjọ́ ọjà kejì.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò tètè lọ. Ọyẹ́ fẹ́ títí ètè wa fi là. Omi bàrájì fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ etí rẹ̀ sán, òṣíbàtà dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Iná alẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ó ń pọ́n bí ẹyinná tó fẹ́ kú, Bàbá Ráímì sì ń bínú pé wọ́n ń jí iná pálọ̀ òun lọ fún ẹlòmíràn. Ó kú pátápátá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń di ọgbẹ́ fún ọmọ kan ní dispánsẹ̀. Ó tún kú lójú àwọn aláṣẹ kan tó wá ṣe ìpàdé, àwọn yẹn sì lọ fẹjọ́ sùn ní Àjàṣẹ́.

Orí sìmẹ́ńtì bàrájì ni Filomẹ́nì ti sọ ọ́ fún mi. Ó ń fa ewé lọ, kò gbé ojú sókè. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọ̀gá àgbà níbi iṣẹ́ Papa ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí iná. Bí ó bá tún kú lójú tiẹ̀, wọ́n á lé Papa lẹ́nu iṣẹ́, a ó sì kó padà sí Ṣábẹ̀."

Mo bi í pé ọjọ́ wo ni. Ó ní ọjọ́ epo tó ń bọ̀ ni.

Lójú mi nígbà yẹn, Ṣábẹ̀ àti òdìkejì òkun, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ní kí bàbá rẹ̀ má ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn obìnrin lọ́jọ́ náà, kó fi gbogbo omi pamọ́ de alẹ́. Filomẹ́nì wò mí bí ẹni pé mo bú bàbá òun. Ó ní, "Màmá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Papa ní òun máa ṣí i. Ó ní òun ti bá ìyá rẹ ṣe àdéhùn, kò sí ohun tó yí i padà."

Mo sáré délé. Ìyá mi jókòó, ó ń já ẹyìn lára ìdì. Mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tẹkúntẹkún, tikuntikun. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó ní, "Ó dáa. Lọ nu imú rẹ." Ó sì ń já ẹyìn rẹ̀ lọ! Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè jẹun. Àwọn ọkùnrin ti gé ẹyìn, ó ti wà nílẹ̀ gègèrè, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ sún ọjọ́ epo síwájú. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ní ìdájí, mo rí i tí ìyá mi àti àwọn obìnrin dáná sábẹ́ àgbá bí wọ́n ti máa ń ṣe, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ó parí.

Ojúmọ́ mọ́, Bàbá Kúrán gun orí bàrájì, ó lọ síbi irin tí wọ́n ń yí láti fa ilẹ̀kùn omi sókè. Ìyá mi ti dúró dè é níbẹ̀. Èmi àti Filomẹ́nì wà nísàlẹ̀ ògiri, a sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ẹ má ṣí i."

Ó ní, "Ìyá Elépo, ọjọ́ epo mà ni òní."

"Ṣé èmi lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún? Mo ní ẹ má ṣí i."

"Ẹyìn yín ti wà lórí iná. Òórùn rẹ̀ ń kàn mí láti ibí yìí."

"Ẹ fi ti ẹyìn mi sílẹ̀. Omi àárọ̀ yìí, ṣé omi mi kọ́ ni? Ó dáa, mo ti fi ta yín lọ́rẹ. Ẹ fi tan iná yín."

Bàbá Kúrán mú àkísà rẹ̀ jáde, ó nu ọwọ́, ó nu ojú pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn obìnrin yòókù kò gbà bọ̀rọ̀ o. Ariwo sọ. Ọ̀kan ní Ìyá Elépo ti ya wèrè, òmíràn ní ṣé ẹyìn gbogbo àwọn ló fẹ́ sọ nù nítorí àlejò tí kò mọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Ìyá mi jẹ́ kí wọ́n pariwo tán. Ó ní, "Àlejò yìí, kò sí ọjọ́ epo kan tó tíì jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa gbẹ. Lónìí tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún ń bọ̀ wá ṣí i fún wa. Ẹ̀yin lẹ máa dúró kí ó ṣí i? Ojú mi ò gbà á." Ó gbé ìkòkò lórí, ó dojú kọ ọ̀nà kànga. Obìnrin kan tẹ̀lé e, òmíràn tẹ̀lé e, títí ó fi ku ẹni tó ń pariwo jù, ìyẹn náà sì gbé ìkòkò tirẹ̀, ó ń kùn lọ.

Mi ò tíì rí irú ọjọ́ yẹn rí. Láti gbogbo kànga Ìfọ̀nyìn, láti Lagbé, láti àmù inú ilé, omi ń bọ̀ lórí àwọn èèyàn. Àwọn ọkọ tí kì í pọn omi gbé garawa lọ́wọ́, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọ́n kàn ń kọjá. Nígbà tí wọ́n tú wa sílẹ̀ ní ilé-ìwé ní ọ̀sán, a ò délé. Filomẹ́nì gbé korobá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ kan fò kọjá níwájú rẹ̀ létí kànga, kò tilẹ̀ wò ó. Bàbá Ráímì alára dìde lórí àga rẹ̀, ó fi ọlá ńlá gbé bútà àlùwàlá rẹ̀ dé etí kòtò, ó da omi inú rẹ̀ sí i, ó ní, "Ẹ ti rí tèmi o," ó sì padà lọ jókòó. Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé odò ló gbé wá.

Omi kànga kò lè ṣe tó omi odò. Epo ọjọ́ yẹn kò pọ̀, ó dúdú, iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jáde. Lókè lọ́hùn-ún, omi bàrájì ń gun sìmẹ́ńtì díẹ̀díẹ̀, ó ti bo ẹrẹ̀ tó sán.

Ọ̀gá àgbà dé ní ìrọ̀lẹ́, nínú ọkọ̀ funfun tí erùpẹ̀ ti sọ di pupa. Ọkùnrin kúkúrú kan báyìí ni, bàtà rẹ̀ ń dán, ọmọ ilẹ̀ wa ni, kì í ṣe Òyìnbó, èyí sì ya Bàbá Ráímì lẹ́nu gan-an. Wọ́n gbé àga fún un lábẹ́ òpó. Kó tó jókòó, Bàbá Ráímì ní kó kọ́kọ́ kí onílé ná. Gbogbo wa di ẹ̀rín mú. Ọ̀gá àgbà dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì tọrọ àyè kó tó jókòó. Láti ìgbà yẹn ni Bàbá Ráímì ti ń sọ pé ọmọlúwàbí ni.

Bàbá Kúrán nìkan ni kò sí níbẹ̀, ó wà nínú ilé ẹ̀rọ. Ìyókù ìlú ti pé jọ, àwọn obìnrin ò tíì wẹ̀, epo ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo di ọwọ́ Filomẹ́nì mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ilẹ̀ ń ṣú. Ìyá mi ń sọ nǹkan kan lábẹ́ ẹnu, bóyá àdúrà ni, bóyá ó ń bínú sí omi, mi ò lè sọ. Gílóòbù pọ́n. Ó tún rẹ̀ sẹ́yìn, a ò mí. Ó wá yọ! Ó funfun ju bí mo ti rí i rí lọ, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọjà hàn, mo rí ojú ìyá mi àti epo tó gbẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ariwo ta. Wọ́n gbé oúnjẹ fún ọ̀gá àgbà, ó jẹ ẹ́ tán, ó mu omi, ó ń wòkè, iná kò mì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ó dúró títí wọ́n fi kírun alẹ́ tán ní mọ́sálásí.

Ó ní kí wọ́n pe Bàbá Kúrán wá. Ó sọ̀rọ̀ ní Faransé, olùkọ́ wa sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní ẹni tó lè fi ìwọ̀nba omi yìí tan irú iná yìí nínú ọyẹ́, ó ti kọjá ẹni tí wọ́n ń fi sí Ìfọ̀nyìn. Bàbá Kúrán ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe èmi nìkan o, àwọn ìyá wọ̀nyí ló fún mi ní omi wọn." Ọ̀gá àgbà gbá itan. Ó ní, "Vwala! Ó tún mọ bí wọ́n ti ń bá ará ìlú gbé!" Ó ní ilé kúrán ńlá kan wà ní apá òkè ilẹ̀ wa, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta, ibẹ̀ ni Bàbá Kúrán máa lọ ṣe ọ̀gá, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ gidigidi, títí mo fi rí i pé Filomẹ́nì kò pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ náà tó yé mi.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló wá kó wọn. Ìyá mi gbé agolo epo kan fún Bàbá Kúrán, epo oníyanrìn ọjọ́ yẹn ni, ó ní kí ó má wò ó pé kò dára. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Lọ́jọ́ yẹn, kò nu ọwọ́ rẹ̀. Filomẹ́nì jókòó sórí ẹrù, ó ń sunkún, ó sì ń bá mi jà láti òkè pé kí n má jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó sí ààyè òun lórí bẹ́ńṣì. Mo sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà títí mi ò fi lè sáré mọ́.

Mo padà délé, mo ní ìyá mi ló fà á. Mo ní ká ní ó gba ìdajì omi rẹ̀ ni, kí ìdajì kù fún iná, iná náà á kàn tàn wẹ́rẹ́ báyìí, kò ní kú, kò sì ní dùn mọ́ ọ̀gá àgbà jù, wọn kì bá tí lé wọn, wọn kì bá sì tí mú wọn lọ. Mo ti ro ó dáadáa. Ìyá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé kí n wá ṣe é ní ìdajì fún ọkùnrin yẹn?" Ó ń wo apá ibi tí bàrájì wà. Ó ní, "Ta ni èmi náà fẹ́ máa ké mọ́ láàárọ̀ báyìí?" Ó sì fi etí aṣọ nu ojú. Èmi ni mo wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Fún ọdún bíi mélòó kan, awakọ̀ kan máa ń bá wa mú iṣu bọ̀ láti òkè, pẹ̀lú ìkíni Filomẹ́nì. Ó ní ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ tóbi ju ti Ìfọ̀nyìn lọ. Nígbà tó yá, awakọ̀ náà kò wá mọ́. Mi ò rí Filomẹ́nì mọ́ títí di òní, mo sì ṣì ń ro ó.

Ẹlòmíràn tọ́jú ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀ sí i, kí wáyà tó dé láti òkèèrè, tí wọ́n sì ní a ò nílò odò wa mọ́. Wọ́n tú irin, afẹ́fẹ́ gbé páànù lọ, igi ti hù láàárín ilé. Ẹ̀rọ elépo bẹntiróòlù ló ń tẹ ẹyìn báyìí, àwọn ọmọbìnrin ò mọ bí ẹyìn gbígbóná ti ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀, mi ò sì bá wọn wí, ó ń jóni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sísàlẹ̀ odò yẹn ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, kẹ́ ẹ lọ láàárọ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi pọ́ńpù fa omi sí ọgbà tòmátì, ẹ máa rí i pé pọ́ńpù wọn ò ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán. Àwọn tó ń sin ẹja lójú ọ̀nà Lagbé, wọn ò ní dí odò. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ìdí rẹ̀, ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ mi. Ó ní, "Ìyá, omi epo ni. Mi ò mọ ìdí ẹ̀, bí a ṣe bá a nìyẹn." Inú mi dùn títí mo fi délé.

Mo ti dàgbà ju bí ìyá mi ti wà nígbà náà lọ, mo sì ti ro ọ̀rọ̀ yẹn síwá sẹ́yìn ju ọ̀rọ̀ mìíràn lọ láyé mi. Ọ̀rẹ́ tí mo pàdánù, n kò rí irú rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, bí àárọ̀ ọjọ́ yẹn bá tún padà wá, tí mo sì mọ ohun tó máa gbẹ̀yìn rẹ̀, màá gbé korobá mi lọ sí kànga, màá sì pọn ọ́n kún.